Etí Tí Mo Fi Purọ́

Ẹ má pa pọ́ǹpù yẹn. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ, n ó gbé ohùn mi sókè díẹ̀. Ọ̀gá tó wà láàárín wa yìí ní kí n wá kọ́ ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tuntun bí a ṣe ń wá ibi tí ọ̀rá ti ń jò, torí nínú ilé iṣẹ́ yìí, tí wọ́n bá béèrè ẹni tó mọ̀ ọ́n jù, èmi ni wọ́n máa ń nàka sí. N ó kọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà ò ní gba ibi tí Ọ̀gá rò, nítorí ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́sàn-án, ó sì gbọ́dọ̀ jáde lónìí kí n tó tún fi ẹnu yìí kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tó ogún, ó sì ti rẹ̀ mí. Ẹ wo obìnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, tó gbé báàgì lé itan, tí kò tíì kí mi láti àárọ̀. Kò jẹ mí ní kíkí. Ẹ wo èyí tó jókòó síwájú níbí, tó fi ọwọ́ òsì di bírò mú. Tísà ni. Àwọn méjèèjì ni mo ṣẹ̀. Ọ̀kan ti mọ̀, èkejì ò mọ̀ títí di ìsinsìnyí tí mò ń sọ ọ́ yìí.

Ẹsẹ̀ là ń ṣe níbí, ẹsẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ti gé tiẹ̀. A ó tẹ́ aṣọ kábọ́ọ̀nù, aṣọ dúdú yẹn, ní ìpele ìpele sórí móòdù, ère tó rí bí ẹsẹ̀ náà. A ó fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bò ó, a ó fi gọ́ọ̀mù dúdú lẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá náà mọ́lẹ̀ yípo, pọ́ǹpù á wá fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde títí ọ̀rá á fi fún aṣọ náà mọ́ móòdù pinpin. Ìgbà yẹn la tó máa ṣí ọ̀nà fún résìnì, oje tó ń mú aṣọ le, kó sáré wọ inú rẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá gan tán, ohun tí a bá bọ́ kúrò lórí móòdù á fúyẹ́ bí igbá, á sì le bí irin. Ṣùgbọ́n tí ihò bíńtín bá wà níbì kan, afẹ́fẹ́ á máa yọ́ bá oje wọlé, á di àwọn ihò wẹ́wẹ́ sáàárín ìpele aṣọ. Ẹsẹ̀ náà á dára lójú, inú rẹ̀ á rí bíi ti búrẹ́dì, èèyàn ò sì lè fi búrẹ́dì rìn. Nítorí náà, kí oje tó wọlé, a gbọ́dọ̀ wá ihò náà kàn.

Ohun tó sọ mí ní Elétí nìyẹn. Láyé ìgbà tí etí ṣì jẹ́ etí, tí ọ̀rá bá kọ̀ tí kò fún, àwọn yòókù á máa fi àtàǹpàkò tẹ gọ́ọ̀mù káàkiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní. Èmi á kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, n ó di ojú, n ó yí tábìlì po lẹ́ẹ̀kan, n ó sì fi ìka kan ibì kan. "Ibí ni." Wọ́n á ṣí i wò, ibẹ̀ náà ni. Ìjò kì í pariwo, ṣíí báyìí ló máa ń ṣe, ó tín-ín-rín ju ohùn ẹ̀fọn lọ. Ọ̀gá máa ń mú àlejò wá wò mí, wọ́n á dúró tì mí, wọ́n á máa mi orí. Irọ́ ò sí nínú ọ̀rọ̀ mi mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí: mo fẹ́ràn ẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Pọ́ǹpù tó sọ mí di olókìkí náà ló jẹ etí mi. Ogún ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí kì í sinmi, kí lẹ rò? Àwọn ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ lọ. Mi ò gbọ́ aago mọ́, mi ò gbọ́ kọ́kọ́rọ́ tó bá bọ́ sílẹ̀. Ọmọ mi obìnrin á sọ̀rọ̀ láti ilé ìdáná, n ó kàn dáhùn pé "ẹ̀n-ẹ́n" sí ohunkóhun. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Bàbá, ṣé kí n pa iná àbí kí n má pa á?" Mo ní "ẹ̀n-ẹ́n." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyà mi ti já. Tí mo bá sọ fún Ọ̀gá nígbà náà, kò ní lé mi. Ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ ló máa fi mí sí, iṣẹ́ gidi sì ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pè mí ní Elétí nídìí sísọ́ọ̀sì? Mo gbé e pa mọ́. Mo ṣì ń bẹ̀rẹ̀, mo ṣì ń di ojú, mo ṣì ń yí tábìlì po. Ẹ̀tàn ni. Igun tí ọ̀rá bá ti ṣẹ́po ló máa ń jò jù, nítorí náà igun náà ni mò ń fi ìka kàn, ó sì ń bọ́ sí i lọ́pọ̀ ìgbà. Tí kò bá bọ́ sí i, n ó ní pọ́ǹpù ló ń dí mi lọ́wọ́.

Obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, Ìyá Gọ́ọ̀mù là ń pè é, torí òun ló ni iṣẹ́ gọ́ọ̀mù nígbà náà. Ìka rẹ̀ kì í kánjú. Òfin kan wà tó máa ń pa fún gbogbo wa. Gọ́ọ̀mù yẹn máa ń ní bébà lórí, ó sì ní a ò gbọ́dọ̀ ṣí bébà náà títí ọ̀rá á fi wà lọ́wọ́ wa. Ìdí ni pé fọ́nrán kábọ́ọ̀nù máa ń fò káàkiri bí irun ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Tí ẹyọ kan bá sùn lórí gọ́ọ̀mù ní ìbú, ojú ò ní rí i mọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ á tọ ara rẹ̀ wọlé. "Bùọ̀dá, bébà yìí ni ilẹ̀kùn," báyìí ló máa ń wí fún mi. "Ẹ má ṣí i fún olè."

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni. Ẹsẹ̀ tí à ń ṣe fún Tísà ló wà lórí tábìlì, Ọ̀gá sì ti ní àlejò ń bọ̀ ní aago mẹ́rin, wọ́n fẹ́ wá wo Elétí. Ìyá Gọ́ọ̀mù ti lẹ gọ́ọ̀mù yípo, ó fi bébà sílẹ̀ lórí rẹ̀, ó lọ po oje nínú yàrá kejì. Kó tó dé, mo ti fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà ní sẹpẹ́, ni mo bá ká bébà náà kúrò. Ìgbà tí mo ká a tán ni mo rí i pé aṣọ tí mo gé gbẹ̀yìn wọ́, ẹnu rẹ̀ yọ síta. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á gbé aṣọ náà kúrò níbẹ̀ kó tó tún un gé. Èmi mú sísọ́ọ̀sì, mo gé e níbẹ̀, lókè gọ́ọ̀mù tí kò ní ìbòrí. Mo rí àwọn fọ́nrán tó ń já bọ́. Mo fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí wọn, mo ní wọ́n ti lọ.

Ìyá Gọ́ọ̀mù dé, a fi ọ̀rá bò ó, a tan pọ́ǹpù, ọ̀rá sì fún. Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé orí sókè. Ó ní, "Bùọ̀dá, mo gbọ́ nǹkan níbí."

"Kí lo gbọ́?"

"Ó ń ṣe ṣíí. Ẹ wá gbọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ariwo tó ń hó nínú orí ara mi nìkan ni mo gbọ́. Ọ̀gá àti àwọn àlejò sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo nà ró, mo ní, "Láàárín èmi àti ẹ, ta ni wọ́n ń pè ní Elétí?" Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjá lọ wo àwọn ẹsẹ̀ tó ti gan. Ìyá Gọ́ọ̀mù ò rẹ́rìn-ín. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kó má bàa dójú tì mí, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ti tápù ká wo géèjì, Bùọ̀dá. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni." Ohun tó yẹ ká ṣe gan-an nìyẹn: ẹ ó ti tápù tó wà láàárín pọ́ǹpù àti ọ̀rá, ẹ ó sì dúró wo ọwọ́ géèjì, aago tó ń fi bí afẹ́fẹ́ ṣe jáde tó hàn. Tí kò bá kúrò lójú kan, ọ̀rá dára. Mo ti tápù. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọwọ́ géèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ̀ kalẹ̀, bí àgbàlagbà tó fẹ́ jókòó. Òun rí i, èmi náà rí i, a wo ara wa. Mo nawọ́, mo ṣí tápù padà, pọ́ǹpù fà, ọwọ́ géèjì sì gòkè padà síbi tó yẹ kó wà. Mo ní, "Ṣó o rí i? Pọ́ǹpù ti borí ẹ̀." Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: pọ́ǹpù kì í borí ihò. Ó kàn ń jẹ́ kí géèjì dára lójú ni, ihò náà sì ń gba afẹ́fẹ́ tuntun wọlé ní gbogbo ìgbà tó bá ń fà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Mo ní kó lọ wẹ ike tó fi po oje, mo ṣí ọ̀nà fún oje. Nínú ìwé tí a máa ń kọ ìṣesí géèjì sí, mo kọ ọ́ pé kò kúrò lójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, mo tètè dé ṣáájú gbogbo wọn. Mo bọ́ ọ̀rá kúrò, mo rí i: àmì funfun wẹ́wẹ́ lára ẹsẹ̀ náà, bí ẹni wọ́n iyọ̀ sí i, láti ibi tó ti jò lọ sókè. Nígbà tí mo fa gọ́ọ̀mù ya, fọ́nrán dúdú kan ṣoṣo ló sùn sínú rẹ̀ ní ìbú, kò gùn ju èékánná lọ. Mo mọ ẹni tó gé e síbẹ̀. Mo ká gọ́ọ̀mù náà, mo sọ ọ́ sínú agolo ìdọ̀tí, mo yí padà, mo tún wá tì í sísàlẹ̀ àwọn pàǹtí yòókù. Tí mo bá fẹ́, ǹ bá ju ẹsẹ̀ náà nù, ká ṣe òmíràn. Ọjọ́ mẹ́ta péré la máa fi ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, báwo ni Elétí ò ṣe gbọ́? Mo fi oje dúdú dí àwọn ihò òkè, mo fi sáńpépà ha á, mo fi fánìṣì kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mejì. A kì í fi ete sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n làpálàpá ni mo pa, mo sì pa á dán.

Tísà, ẹ ò lè gbàgbé ọjọ́ tí ẹ wá gbà á. Ẹ gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ẹ rí ojú yín nínú rẹ̀. Ẹ ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ yìí mà wuyì ju èkejì tí wọ́n bí mọ́ mi lọ." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi sì la ẹnu mi yìí, mo ní, "Ẹ ó lò ó gbó, Tísà." Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, mo sì gbàdúrà lé e lórí. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ìyẹn wà lára èyí tí kì í jẹ́ kí n lè wo ara mi nínú dígí.

Oṣù mẹ́rin ló fi rìn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Tísà ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé ìwé, ó kó ìwé àwọn ọmọ mọ́ àyà, ẹsẹ̀ náà ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ara rẹ̀, ọrùn ọwọ́ náà fọ́, kò sì jinná dáadáa títí dòní. Bó ṣe di ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé nìyẹn. Nígbà tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà padà wá, Ọ̀gá fi ayùn là á. Àwọn ìpele rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìwé tí òjò pa.

Inú yàrá yìí ni Ọ̀gá pe gbogbo wa jọ sí. Ẹ̀yin àgbà òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ṣì rántí. Ó ní, "Ta ló lẹ gọ́ọ̀mù rẹ̀?"

Ìyá Gọ́ọ̀mù ní, "Èmi ni, Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ nígbà tó ń jò, mo sì sọ fún Bùọ̀dá."

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Elétí, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ibi tí mo ti di èèyàn burúkú gan-an nìyí. Èyí tó ṣáájú, ẹ lè pè é ní ìkánjú, ẹ lè pè é ní ìgbéraga. Èyí ò ní orúkọ méjì. Bẹ́ẹ̀ ni péré ló yẹ kí n wí. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e. Wọ́n á ní, kí ló dé tí ìwọ ò gbọ́? Ni mo bá ní, "Ọ̀gá, èmi ni mo gbọ́ ọ. Mo sọ fún un pé igun yẹn ń jò, kó tún un tẹ̀. Ó ní òun ti tẹ̀ ẹ́. Mo gbà á gbọ́, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé." Mo gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, mo fi sí ẹnu ara mi. Mo wá kó ẹ̀bi mi, mo gbé e lé e lórí. Kò sí ẹni tó béèrè ẹ̀rí. Gbogbo wọn mi orí, torí ta ni ìbá tún gbọ́ ìjò bí kò ṣe Elétí? Ìyá Gọ́ọ̀mù wò mí. Ó ní, "Bùọ̀dá." Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó gbé e lé orí tábìlì yìí, ó lọ. Kò sí ilé iṣẹ́ tó gbà á mọ́ lẹ́yìn náà, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Kọ́tìnì ló ń rán láti ìgbà náà. Wọ́n sọ èmi di olórí yàrá yìí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ mi wọ́ mi lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Wọ́n ki ẹ̀rọ kékeré tí ẹ ń wò yìí bọ̀ mí létí. Nígbà tí mo wọlé síbí lọ́jọ́ Ajé, mo gbọ́ ṣíí. Mo rò pé ẹ̀rọ etí náà ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí tábìlì kan, mo rí i, igun kan ló ń jò. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí Ọ̀gá rí ẹ̀rọ náà létí mi, inú rẹ̀ dùn, ó ní Elétí ti padà. Kò mọ̀ pé ohun tí obìnrin yẹn gbọ́ lọ́jọ́sí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́. Fún ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń sọ fún ara mi pé bóyá kò tiẹ̀ sí ohun tí èèyàn lè gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Ní Sátidé, mo lọ sílé rẹ̀. Kò ní kí n jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín àwọn kọ́tìnì, mo sọ ohun tí mo wá sọ. Ó ní, "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń bi ara mi bóyá mo sọ ọ́ lóòótọ́, àbí mo kàn rò ó lọ́kàn. Ọkọ mi ní ó lè jẹ́ pé mo gbàgbé láti tẹ igun yẹn ni. Èmi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún un." Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rò pé iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni mo gbà. Mi ò mọ̀ pé mo ti gba etí òun náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ dìde, Bùọ̀dá. Gbangba lẹ ti bà mí jẹ́, ẹ má wá tún mi ṣe ní kọ̀rọ̀. Ibi tí ẹ ti sọ tọjọ́sí ni kí ẹ ti lọ sọ tòní." Ìdí tí mo fi wà níwájú yín nìyí.

Tísà, ẹ forí jì mí. Kì í ṣe gọ́ọ̀mù ẹnikẹ́ni ló gbé yín ṣubú lórí àtẹ̀gùn, èmi ni. Mi ò lè dá ọrùn ọwọ́ yín padà, ohun tí ẹ bá sì fẹ́ fi mí ṣe, mi ò ní sá. Ọ̀gá, ìwé géèjì ọdún náà ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Mo ti fi orúkọ mi kọ òtítọ́ sábẹ́ irọ́ tí mo kọ síbẹ̀. Ẹ gba yàrá yìí lọ́wọ́ mi, ẹ sì bá mi gba orúkọ tí ẹ fún mi náà. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, tí ara yín bá kọ iṣẹ́, ẹ sọ ọ́ síta, ìtìjú ọjọ́ kan ni. Tí ẹni tí ẹ jù lọ bá sì ní òun gbọ́ nǹkan, ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ ti tápù.

Ó ku ẹ̀kọ́ tí Ọ̀gá ní kí n kọ́ yín. Ọ̀rá tó wà lórí tábìlì yìí ti ń jò láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Èmi kọ́ ni mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó jò. Mo ń gbọ́ ọ, mo sì mọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ìyá Gọ́ọ̀mù, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ, mo rí yín nígbà tí ẹ yíjú sí i. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dìde, kí ẹ fi ibẹ̀ hàn wọ́n. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jókòó yín, wọ́n á tú ọ̀rá náà ká, kò ní di ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Èmi ń lọ jókòó. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ fún wọn láyè. Ibi tí wọ́n bá ní àwọn ti gbọ́ ọ, ẹ gbà wọ́n gbọ́.